Gbèsè Dọ́là Kan Tó Bí Orin Ńlá: Ìtàn Eré Àkọ́kọ́ Ẹgbẹ́ Band of Gypsys

Nígbà tí ilẹ̀ ṣú ní ọjọ́ 31, oṣù Kejìlá, ọdún 1969, tí àwọn ará ìlú New York ń múra láti kí ọdún tuntun káàbọ̀, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ti forí lé gbọ̀ngàn eré Fillmore East, ní òpópónà Second Avenue. Jimi Hendrix ni wọ́n fẹ́ lọ wò, ọmọ adúláwọ̀ ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí òkìkí rẹ̀ ti kàn káàkiri ayé nítorí bó ṣe mọ jìtá ta. Wọ́n ti sanwó ìwọlé, wọ́n sì ń fojú sọ́nà fún àwọn orin tó sọ ọ́ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Ohun tí púpọ̀ nínú wọn kò mọ̀ ni pé, nínú eré àkọ́kọ́ alẹ́ ọjọ́ yẹn, kò sí ẹyọ kan nínú àwọn orin àwo rẹ̀ tí wọ́n ti mọ̀ tí wọn yóò gbọ́.

Ẹgbẹ́ tuntun ló bọ́ sójú agbo. Èèyàn mẹ́ta péré ni wọ́n, orúkọ tí wọ́n sì fi pe ara wọn ni Band of Gypsys. Ìgbà àkọ́kọ́ rèé tí wọn yóò ṣeré níwájú èrò lábẹ́ orúkọ náà. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n ṣeré láàárín alẹ́ méjì, wọ́n tún fara hàn lẹ́ẹ̀kan sí i fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ó sì parí. Kí oṣù kìíní ọdún 1970 tó tán, ẹgbẹ́ náà ti tú ká. Odindi eré àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe lálẹ́ ọjọ́ náà kò sì bọ́ sọ́wọ́ aráyé àfi ní ọjọ́ 30, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2016, nígbà tó ti lé ní ọdún 46 tí wọ́n ti ṣe é.

Ẹnikẹ́ni tó bá gbọ́ ìtàn yìí lè rò pé àwọn kan ló rí i pé ohun ńlá fẹ́ ṣẹlẹ̀, tí wọ́n sì gbé ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ lọ síbẹ̀ kó má baà ṣègbé. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Gbèsè ni wọ́n fẹ́ san. Gbèsè ọ̀hún sì ti orí ìwé kan wá, ìwé tí wọ́n fi dọ́là kan ṣoṣo tọwọ́ bọ̀.

Ìwé tí wọ́n tọwọ́ bọ̀ lọ́dún 1965

Ìlú Seattle ni wọ́n bí Jimi Hendrix sí, ní ọjọ́ 27, oṣù Kọkànlá, ọdún 1942. Lẹ́yìn tó kúrò nínú iṣẹ́ sójà, ẹ̀yìn àwọn olórin tó ti lórúkọ ló ń rìn kiri, tó ń bá wọn ta jìtá. Ó bá àwọn Isley Brothers ṣiṣẹ́, ó sì bá Little Richard náà ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n owó tó ń wọlé fún un kò tó nǹkan. Nígbà tó di ọdún 1965, ọ̀dọ̀ olórin kan tó ń jẹ́ Curtis Knight ló wà ní New York. Ibẹ̀ ló ti mọ Ed Chalpin, ẹni tó ni ilé-iṣẹ́ PPX Enterprises, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ gbígba orin sílẹ̀.

Ní ọjọ́ 15, oṣù Kẹwàá, ọdún náà, Hendrix tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn pẹ̀lú PPX. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni pé, fún ọdún 3 gbáko, PPX nìkan ni yóò máa gba orin sílẹ̀ fún. Dọ́là 1 ni wọ́n kọ sínú ìwé gẹ́gẹ́ bí owó àdéhùn, wọ́n sì ṣèlérí pé ìdá 1 nínú 100 ni yóò máa jẹ́ tirẹ̀ lórí àwo tí wọ́n bá tà. Àwọn àgbà ní igi ganganran má gún mi lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ṣùgbọ́n ẹni tí ebi ń pa kì í sáàbà rí ọ̀ọ́kán.

Kò pé ọdún kan lẹ́yìn náà tí Chas Chandler, ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ olórin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń pè ní The Animals, rí Hendrix níbi tó ti ń ṣeré ní ilé ọtí kan ní New York. Ó mú un lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1966. Wọ́n wá àwọn ọmọ Gẹ̀ẹ́sì méjì kún un, Noel Redding àti Mitch Mitchell, wọ́n sì pe ẹgbẹ́ náà ní The Jimi Hendrix Experience. Nígbà tí ọdún 1967 fi máa dé ìdajì, orúkọ Hendrix ti gba ìgboro kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà.

Ìgbà náà ni Chalpin fa ìwé rẹ̀ yọ. Ó ní ọmọ iṣẹ́ òun ni Hendrix, ọdún 3 kò sì tí ì pé. Ó kó àwọn orin tí Hendrix ti bá Curtis Knight ta jìtá sí jáde, ilé-iṣẹ́ Capitol sì gbé àwo kan tó ń jẹ́ Get That Feeling jáde nínú wọn lápá ìparí ọdún 1967. Ọ̀rọ̀ náà di ti kóòtù. Níkẹyìn, wọ́n parí èyí tó jẹ́ ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà pẹ̀lú àdéhùn mìíràn. Wọ́n ní Chalpin yóò máa gbà lára èrè àwọn àwo Hendrix. Wọ́n tún ní Hendrix gbọ́dọ̀ fi odindi àwo tuntun kan lélẹ̀, tí ilé-iṣẹ́ Capitol yóò gbé jáde, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé-iṣẹ́ mìíràn tó ń jẹ́ Reprise ló ń gbé orin rẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà.

Àwo yẹn ni gbèsè ọ̀hún. Títí ọdún 1969 fi ń lọ sópin, Hendrix kò tí ì san án.

Bí àwọn mẹ́ta ṣe pàdé

Ọdún 1969 kò rọgbọ fún un. Ní oṣù Karùn-ún, wọ́n mú un ní pápákọ̀ òfurufú Toronto, ní ilẹ̀ Kánádà, wọ́n ní àwọn bá oògùn olóró nínú ẹrù rẹ̀. Ní ọjọ́ 29, oṣù Kẹfà, ẹgbẹ́ Experience ṣeré ìkẹyìn wọn ní ìlú Denver, Redding sì bá tirẹ̀ lọ. Ní oṣù Kẹjọ, Hendrix kó àwọn olórin mìíràn jọ, ó sì bá wọn ṣeré níbi àpéjọ ńlá ti Woodstock, níbi tó ti fi jìtá ta orin orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà lọ́nà tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ rí. Ẹgbẹ́ náà kò pẹ́ tí òun náà fi fọ́nká. Ọjọ́ 10, oṣù Kejìlá ni kóòtù Toronto tó dá a láre. Ọ̀sẹ̀ 3 péré ló kù kí ọdún parí, gbèsè àwo sì wà lọ́rùn rẹ̀.

Ẹni tó bá mọ bí Hendrix ṣe ń ṣiṣẹ́ yóò mọ̀ pé kò rọrùn fún un láti yára parí àwo nínú yàrá ìgborinsílẹ̀. Bó bá gba orin kan sílẹ̀ lónìí, yóò padà sí i lọ́la, yóò tún un ṣe, yóò tún yí i padà. Ọ̀nà tó yá jù ni kí wọ́n gba orin sílẹ̀ lójú agbo, níbi tí kò ti sí àyè láti tún un ṣe. Ohun tó jẹ́ kí wọ́n ṣètò Fillmore East nìyẹn.

Ọ̀rẹ́ àtijọ́ ló kọ́kọ́ ké sí. Billy Cox àti Hendrix ti mọ ara wọn láti ọdún 1961, nígbà tí àwọn méjèèjì jẹ́ sójà ní àgọ́ ológun Fort Campbell, ní ìpínlẹ̀ Kentucky. Gẹ́gẹ́ bí Cox ṣe máa ń sọ ọ́, òjò ló ń rọ̀ lọ́jọ́ tó ń kọjá lẹ́bàá ilé ìgbafẹ́ àwọn sójà, tó gbọ́ tí ẹnì kan ń ta jìtá nínú ilé. Ó wọlé lọ bá a, ó sọ fún un pé òun náà mọ jìtá olóhùn ìsàlẹ̀ ta, eré sì bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n kúrò nínú iṣẹ́ ogun, wọ́n jọ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọ́n sì jọ jẹ ìyà Nashville pọ̀ kí ọ̀nà wọn tó pínyà. Nígbà tí Redding lọ, Cox ni Hendrix ránṣẹ́ pè.

Ẹnì kẹta wọn ni Buddy Miles, ọmọ bíbí ìlú Omaha, ní ìpínlẹ̀ Nebraska. Ọkùnrin tó síngbọnlẹ̀ ni, onílù ni, akọrin sì ni. Ó ti wà nínú ẹgbẹ́ The Electric Flag, ó sì ti bá Hendrix lùlù nínú àwo Electric Ladyland tó jáde lọ́dún 1968. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọ ilé ìfidánrawò kan tí wọ́n ń pè ní Baggy's ní New York ní oṣù Kejìlá, wọ́n sì ń dán àwọn orin tuntun wò títí ọjọ́ fi pé.

Láti ìgbà tí Hendrix ti di gbajúmọ̀, ìgbà àkọ́kọ́ rèé tí yóò darí ẹgbẹ́ tí gbogbo wọn jẹ́ adúláwọ̀. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré ní Amẹ́ríkà ìgbà náà. Ọdún kan ààbọ̀ kọjá díẹ̀ ni wọ́n ti pa Martin Luther King, àwọn adúláwọ̀ kan sì ń bi Hendrix léèrè ìdí tó fi jẹ́ pé àwọn òyìnbó ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń wá wo eré rẹ̀. Kò fi ẹnu dáhùn púpọ̀. Orin tí òun pẹ̀lú Cox àti Miles ń kọ ló fi dáhùn.

Ohun tó yàtọ̀ nínú orin wọn

Ẹni tó bá mọ bí àwọn onílù Yorùbá ṣe ń ṣiṣẹ́ kò ní pẹ́ lóye ìyàtọ̀ tó wà láàárín Experience àti Band of Gypsys. Nínú agbo dùndún, àwọn omele ni wọ́n máa ń dúró sójú kan, wọn kì í yẹsẹ̀, ohun kan náà ni wọ́n ń sọ lásọtúnsọ. Nítorí pé omele dúró ni ìyáàlù fi lè rìn síwá sẹ́yìn, kó pòwe, kó sì ki ènìyàn. Bí omele bá ń sáré kiri bíi ti ìyáàlù, agbo yóò dàrú.

Mitch Mitchell tó ń lùlù fún Experience kì í dúró sójú kan. Bí àwọn onílù jáàsì ló ṣe ń lùlù. Bí jìtá Hendrix bá ti sọ̀rọ̀, ìlù rẹ̀ náà yóò fèsì, àwọn méjèèjì yóò sì máa lé ara wọn kiri. Ó dùn létí, ó sì bá àwọn orin ìgbà náà mu. Ṣùgbọ́n Miles, omele ni. Ìlù rẹ̀ wúwo, ó ń lọ déédéé, kì í sì í fi ibi tó yẹ kó bọ́ sí sílẹ̀. Cox náà yóò mú ìlà orin kan, yóò máa tẹnu mọ́ ọn láìdáwọ́ dúró. Lórí ìpìlẹ̀ tí àwọn méjèèjì fi lélẹ̀ yìí ni Hendrix ti wá rí àyè rìn jìnnà. Orin rọ́ọ̀kì rẹ̀ wá ń fara jọ orin fọ́ńkì tí àwọn adúláwọ̀ Amẹ́ríkà ń jó sí nígbà náà, tí orin blues tó jẹ́ orísun rẹ̀ sì tún hàn kedere nínú rẹ̀.

Eré àkọ́kọ́ lálẹ́ ọjọ́ náà

Gbọ̀ngàn Fillmore East kì í ṣe èyí tó tóbi jù ní New York. Èrò tó lè gbà kò ju bíi 2,600 lọ. Bill Graham, gbajúmọ̀ olùṣètò eré, ló ṣí i ní oṣù Kẹta, ọdún 1968. Àwọn olórin ràn-ìn ràn-ìn ló ti ṣeré níbẹ̀, àwọn èrò tó ń wá síbẹ̀ náà sì létí orin. Ẹ̀ẹ̀mejì ni eré máa ń wáyé lálẹ́ kan: àwọn èrò àkọ́kọ́ yóò wò, wọn yóò jáde, àwọn mìíràn yóò sì wọlé. Lálẹ́ ọjọ́ yìí, ẹgbẹ́ akọrin Voices of East Harlem ló kọ́kọ́ kọrin. Lẹ́yìn wọn ni àwọn mẹ́ta náà jáde.

Orin 11 ni wọ́n kọ nínú eré àkọ́kọ́. Power of Soul ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, Burning Desire ni wọ́n fi parí rẹ̀. Láàárín méjèèjì ni Lover Man, Hear My Train A Comin', Changes tí Miles kọ tó sì fi ohùn ara rẹ̀ kọ, Izabella, Machine Gun, Stop, Ezy Ryder, Bleeding Heart àti Earth Blues wà. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó wà nínú àwo tí Experience ti gbé jáde. Ọ̀pọ̀ olórin tó bá ti lókìkí tó báyìí kò ní dán irú rẹ̀ wò, nítorí orin tí èrò bá mọ̀ ni wọ́n máa ń fẹ́ gbà pẹ̀lú olórin. Hendrix kó ohun tuntun síwájú wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí téèpù eré náà ṣeyebíye. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn orin wọ̀nyí ló jẹ́ pé lẹ́yìn ikú Hendrix ni wọ́n tó fi sínú àwo. Ezy Ryder wà nínú The Cry of Love, Earth Blues sì wà nínú Rainbow Bridge, àwo méjèèjì sì jáde lọ́dún 1971. Nínú téèpù alẹ́ yẹn, wọ́n ṣì jẹ́ tútù. Ẹni tó bá fetí sí i yóò gbọ́ àwọn mẹ́ta tó ń wá ọ̀nà ara wọn níwájú èrò, láìsí orin àtijọ́ kan tí wọ́n lè sá sí abẹ́ rẹ̀.

Nígbà tí aago 12 lù tí ọdún 1970 wọlé, eré kejì ló bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì fi orin ìdágbére fún ọdún tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní Auld Lang Syne ṣí i. Láti ibẹ̀ lọ, Hendrix ń mú àwọn orin àtijọ́ bíi Purple Haze wọ inú eré. Bill Graham sọ lẹ́yìn náà pé lẹ́yìn ọ̀kan nínú àwọn eré mẹ́rin náà, òun sọ ojú abẹ níkòó fún Hendrix pé idán àti ijó ló ń fi han àwọn èrò, pé ó gbàgbé láti ta jìtá. Ó ní inú bí Hendrix, àmọ́ nígbà tó padà sórí ìtàgé, ó dúró sójú kan, ó sì ta jìtá débi pé ẹnu ya òun.

Ìbọn tó ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu jìtá

Nínú gbogbo orin ọjọ́ méjì náà, Machine Gun lọ́ba wọn. Ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀ ni ìbọn arọ̀jò-ọta. Ohun tí orin náà dá lé lórí ni ogun Vietnam, tí Amẹ́ríkà ń jà lọ́wọ́ nígbà náà. Àwọn sójà Amẹ́ríkà tó wà lójú ogun lópin ọdún 1969 lé ní 400,000. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá, ìjọba ti fi ọjọ́ ìbí àwọn ọ̀dọ́kùnrin sínú ìgò ńlá kan, wọ́n ń mú un ní ọ̀kọ̀ọ̀kan láti mọ àwọn tí wọn yóò kọ́kọ́ pè sí iṣẹ́ ogun. Àwọn tí wọ́n bí láàárín ọdún 1944 sí 1950 lọ̀rọ̀ náà kàn. Ẹgbẹ́ àwọn wọ̀nyí gan-an ló máa ń kún gbọ̀ngàn Fillmore East. Oṣù kan kò tí ì pé tí wọ́n ti gbọ́ nọ́ńbà tó bọ́ sí wọn lọ́wọ́.

Hendrix mọ ohun tó ń sọ. Ẹ̀ka ológun tó ti ṣiṣẹ́ sójà, ìyẹn 101st Airborne, wà ní Vietnam lákòókò náà. Kí wọ́n tó kọ orin náà ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní, ó ní àwọn fi í kí àwọn tó ń jagun ní Vietnam, ó sì fi àwọn tó ń jà ní Chicago, Milwaukee àti New York kún un. Àwọn ìlú Amẹ́ríkà fúnra wọn ló kà mọ́ ojú ogun yẹn. Àwọn tó ń gbọ́ ọ mọ ohun tó ní lọ́kàn, nítorí ní oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá ni àwọn ọlọ́pàá yìnbọn pa Fred Hampton, ọ̀dọ́ aṣáájú ẹgbẹ́ Black Panther, nínú ilé rẹ̀ ní Chicago.

Bí wọ́n ṣe mú ìbọn sọ̀rọ̀ lẹ́nu jìtá yẹ ní ṣíṣàlàyé. Miles ló kọ́kọ́ ń lu ìlù kéékèèké kan ní wàràwàrà, bí ìgbà tí ọta ń jáde lẹ́nu ìbọn. Jìtá Hendrix yóò sì máa bá a sọ ohun kan náà. Lẹ́bàá ẹsẹ̀ Hendrix ni àwọn ẹ̀rọ kéékèèké wà tí ohùn jìtá ń gbà kọjá kó tó dé ẹ̀rọ tó ń gbé e sókè. Ọ̀kan ń mú kí ohùn há, ọ̀kan ń mú kó máa rú bí ìgbì omi, ọ̀kan tí wọ́n ń pè ní Octavia sì ń fi ohùn mìíràn tó ga jù ú lọ kún ohùn tó bá ta. Ó tún máa ń súnmọ́ ẹ̀rọ náà títí ariwo rẹ̀ yóò fi padà wá mi okùn jìtá, tí ohùn kan ṣoṣo yóò fi máa dún lọ láìdáwọ́ dúró. Nínú èyí tó wọ inú àwo, ó mú ohùn kan bẹ́ẹ̀ tó gùn gbọọrọ, bí igbe ẹni tí ọfọ̀ ṣẹ̀. Orin náà lé ní ìṣẹ́jú 12.

Ẹni tó bá ti gbọ́ gángan tó ń sọ̀rọ̀ kò ní ṣe iyèméjì pé igi àti okùn lè sọ ohun tí ẹnu kò lè sọ tán.

Àwo jáde, ẹgbẹ́ tú ká

Hendrix àti Eddie Kramer, onímọ̀ ẹ̀rọ tó ń bá a ṣiṣẹ́, jókòó ti téèpù náà ní oṣù Kìíní àti oṣù Kejì, ọdún 1970. Orin 6 ni wọ́n ṣà, ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ni gbogbo wọn sì ti wá. Kò sí ohun kankan láti alẹ́ àkọ́kọ́ nínú rẹ̀. Capitol gbé àwo náà, Band of Gypsys, jáde ní Amẹ́ríkà ní oṣù Kẹta, ó sì gun òkè dé ipò 5 lórí àtẹ àwọn àwo tó ń tà jù. Gbèsè Amẹ́ríkà ti san.

Ẹgbẹ́ tó san án ti kú kí àwo tó jáde. Ní ọjọ́ 28, oṣù Kìíní, wọ́n pè wọ́n síbi eré ńlá kan tí wọ́n ṣe láti tako ogun Vietnam, ní gbọ̀ngàn Madison Square Garden. Orin 2 péré ni wọ́n kọ. Ara Hendrix kò yá, ó jókòó, kò sì lè bá eré náà lọ mọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni Michael Jeffery, máníjà Hendrix, lé Buddy Miles. Kò pẹ́ tí Mitch Mitchell fi padà sídìí ìlù, tí Cox sì dúró sídìí jìtá olóhùn ìsàlẹ̀.

Hendrix fúnra rẹ̀ kò yọ̀ sí àwo náà. Ó sọ fún àwọn oníròyìn pé bó bá ṣe pé ọwọ́ òun ló wà ni, òun kì bá tí gbé e jáde, àmọ́ àwọn jẹ ilé-iṣẹ́ kan ní gbèsè àwo. Àwọn mìíràn náà rí àléébù sí i, wọ́n ní Miles ń kọrin gùn jù. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ àwọn onímọ̀ jìtá ló gbà títí dòní pé Machine Gun inú àwo yẹn wà lára ohun tó dára jù tí Hendrix ta rí. Ní ọjọ́ 18, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1970, Hendrix kú ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọmọ ọdún 27 ni. Òun nìkan kọ́ ni ikú já gbà. Ẹjọ́ tí Chalpin pè ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà ṣì wà nílẹ̀ láìparí.

Téèpù tó jókòó sínú àpótí

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Eré 4 ni wọ́n ṣe ní Fillmore East, orin 6 ni aráyé gbọ́. Gbogbo ìyókù wà nínú àpótí téèpù. Lọ́dún 1986, Capitol gbé àwo kan tí wọ́n pè ní Band of Gypsys 2 jáde, ṣùgbọ́n ìdajì rẹ̀ kì í ṣe orin ẹgbẹ́ náà rárá. Eré tí Hendrix bá Mitchell ṣe lẹ́yìn tí Miles ti lọ ni. Ẹni tó rà á nítorí orúkọ ara rẹ̀ ra ohun tí kò bèèrè.

Ọ̀rọ̀ yí padà lọ́dún 1995, nígbà tí Al Hendrix, bàbá olórin náà, gba àṣẹ lórí iṣẹ́ ọmọ rẹ̀ padà, tí ẹbí sì dá ilé-iṣẹ́ Experience Hendrix sílẹ̀. Lọ́dún 1999, wọ́n gbé Live at the Fillmore East jáde, àwo 2 tí wọ́n ṣa orin rẹ̀ láti inú eré náà. Lọ́dún 2016 ni odindi eré àkọ́kọ́ tó jáde, bí wọ́n ṣe ṣe é gẹ́lẹ́, láti orin kìíní dé ìkọkànlá. Nígbà tó di ọdún 2019, wọ́n kó eré mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ sínú àpò kan tó ní orin 43, tí wọ́n pè ní Songs for Groovy Children.

Ó yẹ kí ènìyàn bèèrè ìdí tí téèpù tó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ fi ṣì dún ketekete. Ìdí ni pé, nígbà tí wọ́n ń gba orin náà sílẹ̀, wọn kò da gbogbo ohùn pọ̀ sójú kan. Orí téèpù fífẹ̀ ni wọ́n gbà á sí, tí ohùn jìtá, ìlù àti àwọn akọrin wà ní ojú ìlà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Nítorí náà, Kramer àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ lè padà sí i lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, kí wọ́n gbé èyí tó rẹlẹ̀ sókè, kí wọ́n sì rẹ èyí tó pọ̀ jù sílẹ̀, láìfi ohun tí kò sí níbẹ̀ kún un. Bí kì í bá ṣe pé wọ́n ní láti fi àwo lé Capitol lọ́wọ́, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ìrántí àwọn tó wà nínú gbọ̀ngàn nìkan ni ì bá ṣẹ́kù.

Ní ti ìwé ọdún 1965, kò tètè kú. Ní ọdún 2003, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣì ń dá ẹjọ́ láàárín Experience Hendrix àti PPX lórí orin tí wọ́n gbà sílẹ̀ nígbà Curtis Knight. Kóòtù ní PPX ti ré kọjá àdéhùn tí wọ́n fi parí ẹjọ́ lọ́dún 1973, wọ́n sì ní kí wọ́n san owó tó tọ́ fún un. Títí dòní, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òfin ń ka ẹjọ́ náà láti mọ ohun tó yẹ kí ẹni tó ba àdéhùn jẹ́ san. Ọdún 38 lẹ́yìn tí wọ́n tọwọ́ bọ̀ ọ́ nìyẹn, lórí dọ́là kan.

Ẹni tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Olórin tó ń bẹ̀rẹ̀ lónìí, níbikíbi tó wù kó wà, yóò bá ìwé pàdé kó tó bá òkìkí pàdé, ẹni tó bá sì gbé ìwé náà wá kì í sáàbà sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ tán. Hendrix rí orin ńlá fà yọ nínú tirẹ̀, ṣùgbọ́n kò rí i bí orin náà ṣe tàn ká. Buddy Miles náà kú ní oṣù Kejì, ọdún 2008. Nígbà tí eré àkọ́kọ́ náà fi jáde lódindi lọ́dún 2016, Billy Cox nìkan ló ṣẹ́kù láyé nínú àwọn mẹ́ta tó ṣe é, ọ̀rẹ́ tó sá wọlé lábẹ́ òjò ní Fort Campbell nítorí pé ó gbọ́ jìtá.